Ṣé Bream ta lúùtù àbí kò ta á? Ìdáhùn sí ìbéèrè yín

Nígbà tí Julian Bream, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òkìkí rẹ̀ kàn nídìí gìtá, kú ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2020, ìròyìn ní ó wà lára àwọn tó jí orin lúùtù, ohun èlò olókùn àtijọ́ ilẹ̀ Yúróòpù, dìde. Àwọn onílúùtù kan sì ní ohun tó ń ta kì í ṣe lúùtù gan-an. Ọ̀rọ̀ méjèèjì dà bí ẹni pé wọ́n ta kora, òótọ́ sì ni méjèèjì.

Kí ni ìyàtọ̀ lúùtù sí gìtá?
Ẹ̀yìn lúùtù ṣe rogodo, igi rẹ̀ fẹ́lẹ́, orí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ okùn rẹ̀ sì wà ní méjì-méjì.

Kí ni wọ́n rí sí ti Bream?
Èékánná ló fi ń ta á bó ṣe ń ta gìtá, lúùtù rẹ̀ sì wúwo ju ti àtijọ́ lọ. Okùn méjì tó sún mọ́ra gbọ́dọ̀ dún pọ̀. Bí èékánná bá kan ọ̀kan ṣáájú èkejì, etí á gbọ́ tà-tà dípò tà. Ẹran orí ìka ló ń gbá méjèèjì mú pọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà ọ̀rúndún kẹrìndínlógún fi ń gbé ọmọńdinrín lé ojú igi, tí àtàǹpàkò ń wọ abẹ́ ìka ìfábẹ̀lá, tí méjèèjì ń gba orin lọ́wọ́ ara wọn: àtàǹpàkò fún ohùn tó wúwo, ìfábẹ̀lá fún èyí tó fẹ́lẹ́. Ẹ má torí èyí fojú kéré Bream. Òun àti akọrin Peter Pears gbé orin John Dowland, onílúùtù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, dé etí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò gbọ́ ọ rí.

Ṣé yíyára ọwọ́ ló mú kí títa lúùtù le?
Rárá.

Kí wá ni?
Ohùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ọwọ́ òsì kan ṣoṣo ń tọ́jú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gbọ́ orin Forlorn Hope Fancy ti Dowland (1563–1626). Ohùn kan ń sọ̀kalẹ̀ ní ìdajì ìdajì, ojú kan lẹ́yìn òmíràn lórí ọrùn lúùtù. Láìpẹ́, òmíràn á gbé orin yẹn kan náà níbòmíràn. Ìka tó di ohùn kan mú kò gbọdọ̀ kúrò, torí bó bá kúrò, ohùn náà kú lójijì. Àwọn ìka tó kù ni yóò wá ọ̀nà gbà, kódà bí ọmọńdinrín bá ní láti nà tán. Bí orin ti ń sún mọ́ òpin, àwọn ohùn kéékèèké á máa sáré, síbẹ̀ orin tó ń sọ̀kalẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ṣì yé olùgbọ́. Lójú tèmi, ibẹ̀ la ti ń mọ ọ̀gá.

Ṣé ìwé orin kò sọ bí ìka yóò ṣe pẹ́ tó?
Kò sọ. Ìwé lúùtù tí atẹ̀wé Petrucci tẹ̀ ní Venice, ní Ítálì, ní 1507 fi nọ́ńbà tọ́ka sí ibi tí ìka yóò tẹ̀. Àwọn Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ń lo lẹ́tà. Àmì orí ìlà sọ ìgbà tí a ó ta ohùn tó kàn, kò sọ ìgbà tí a ó fi ti ìṣáájú sílẹ̀. Etí ẹni tó ń ta á ló máa pinnu.

Ṣé òótọ́ ni pé ohùn okùn lúùtù kì í dúró lójú kan?
Òótọ́ ni. Ìfun àgùntàn ni okùn náà látijọ́, ọ̀rinrin sì ń dà á láàmú bó ṣe ń da awọ gángan láàmú. Mattheson, ará Jámánì, kọ ọ́ ní 1713 pé onílúùtù tó bá pé 80 ọdún ti lo 60 nídìí títún ohùn okùn ṣe. Àsọdùn ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ta á mọ ohun tó ń wí. Okùn náílọ̀n ti dín wàhálà náà kù.

Onígìtá ni mí. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?
Ẹ fi gìtá yín bẹ̀rẹ̀. Ẹ rẹ okùn kẹta sílẹ̀ láti G sí F♯, kí ẹ fi kápò, ohun tó ń há gbogbo okùn mọ́lẹ̀, sí ojú kẹta. Ẹ ó lè ta ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ bó ṣe wà. Ẹ ta ohùn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ kó tó di pé ẹ pa wọ́n pọ̀. Ẹ má tíì gé èékánná, àfi bí lúùtù bá ti wà lọ́wọ́ yín.

Ṣé ó lè ba ọwọ́ mi jẹ́?
Okùn lúùtù kò le bíi ti gìtá. Fífi ipá na ìka ló ń pa ọwọ́ lára. Bí ọrùn ọwọ́ bá ń dùn yín, tàbí tí ìka ń kú tipiri, ẹ dáwọ́ dúró, bí kò bá lọ, ẹ rí dókítà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kéré lè wá lúùtù tí ọrùn rẹ̀ kúrú. Oríṣiríṣi ìwọ̀n ni wọ́n ń ṣe látijọ́.