Òjò ò lè fọ osùn àlùkò

Ó ti sú mi. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ n'Ílọrin, tọ́rọ̀ ẹyẹ bá wọlé, ẹnì kan á ṣáà sọ ọ́ pé àlùkò kì í jáde lójò, pé osùn ara ẹ̀ máa ń ṣàn lọ. Àlùkò tá a ní kì í ráhùn osùn!

Mo mọ ohun tó ń tàn wọ́n. Tí àlùkò bá bà sórí igi tó pa apá dé, gbogbo ara ẹ̀ á dúdú, pupa apá ẹ̀ á sá pamọ́, ó ku ti àtàrí nìkan, ó sì dìgbà tó bá fò kó o tó rí i. Lójò, ó máa ń jókòó jẹ́ẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ osùn yẹn gan-an ni wọn ò fẹ́ gbọ́. Bàbà ló wà nínú pupa yẹn, Arthur Church tó jẹ́ òyìnbó ti kọ ọ́ sílẹ̀ látọdún 1869, ó pè é ní turacin. Omi lásán ò ràn án, omi eérú àti ọṣẹ ló ń tú u. Bàbá ọdẹ kan n'Ígbájà fún mi ní ìyẹ́ méjì tó ṣà nílẹ̀, mo rẹ ọ̀kan sínú omi òjò mọ́jú, omi yẹn mọ́ lóló, mo wá rẹ ìkejì sínú omi eérú tí màámi fi ń se ọṣẹ dúdú, ló bá ń pọ́n bíi sobo. Ṣé eérú wà nínú òjò ni?

Ẹ wo mọ̀lẹ́bí ẹ̀ ní Kamẹrúùnù, Bannerman's turaco, tó ń gbé nígbó Kilum-Ijim lórí òkè Oku tó ga ju mítà 3,000 lọ. Kùrukùru àtòjò ló ń bá a gbébẹ̀, apá ẹ̀ ṣì pupa. Ó ṣòro rí lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkè igi ló ń gbé, wọ́n sì ti ṣán púpọ̀ nínú igbó ẹ̀ dá oko.

Tẹ́nì kan bá ní òun rí omi pupa lábẹ́ àlùkò tó wà nínú kéèjì tí wọ́n ń fọṣẹ fọ̀, mo lè gbà fún un. Òjò ni mi ò gbà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń ra ìyẹ́ lọ́jà, ẹ ṣọ́ra o. Ẹ kọ́kọ́ tì í bọ omi tútù. Tómi bá pọ́n, ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n pa láró ni, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé bí àlùkò ṣe máa ń ṣe nìyẹn.