Bí Àbàtà Àtọwọ́dá Ṣe Ń Fọ Omi Ẹ̀gbin Ìlú Tó sì Ń Pèsè Iná Mànàmáná

Omi tó ń ṣàn jáde láti ilé ìgbẹ́, balùwẹ̀ àti ilé ìdáná, ẹ̀gbin ni lójú èèyàn, àmọ́ oúnjẹ ni fún bakitéríà. Agbára inú oúnjẹ yẹn ni àbàtà àtọwọ́dá ń sọ di iná.

Kí omi náà tó dé àbàtà, ó ní láti kọ́kọ́ dúró nínú táǹkì kí pàǹtí inú rẹ̀ lè rì sísàlẹ̀. Wọn kò gbọ́dọ̀ fo èyí. Bí pàǹtí bá dí àlàfo àárín òkúta, omi ò ní rí ọ̀nà kọjá mọ́, ó sì lè di dandan kí wọ́n kó gbogbo òkúta náà jáde.

Àbàtà fúnra rẹ̀ kò ju kòtò tí wọ́n tẹ́ rọ́bà nípọn sí nísàlẹ̀, tí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ kún, tí wọ́n sì gbin koríko etí odò sí. Inú igi koríko wọ̀nyí ní ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà sọ̀ kalẹ̀ dé gbòǹgbò. Láti bí ọdún 1950 sókè ni Käthe Seidel, onímọ̀ nípa ewéko, ti ń dán irú ewéko bẹ́ẹ̀ wò ní Jámánì láti fi fọ omi. Ti iná tilẹ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ní 1911 ni M. C. Potter, onímọ̀ nípa ewéko ní Durham, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi hàn pé ohun abẹ̀mí tí ojú lásán kò rí lè mú iná jáde.

Ìsàlẹ̀ àbàtà ni iṣẹ́ gan-an wà. Ọ́síjìn kò dé ibẹ̀. Wọ́n ri èédú tàbí gráfáìtì mọ́ ibẹ̀, bakitéríà bíi Geobacter á sì bò ó lára bí awọ fẹ́lẹ́ tó ń yọ̀. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ̀gbin, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìyẹn ohun tín-ín-tín tó ń gbé iná, ń bọ́ lára oúnjẹ náà, àwọn bakitéríà sì gbọ́dọ̀ rí ibi kó o sí. Ọ́síjìn tí èèyàn ń mí símú ló ń gba tiwa. Àwọn tí kò rí ọ́síjìn wọ̀nyí, ara èédú ni wọ́n ń tì í sí. Wáyà kan so èédú yìí mọ́ òmíràn lókè, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń kàn án. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù á gba inú wáyà gòkè lọ bá ọ́síjìn. Ìrìn yẹn ni iná. Bí èédú méjèèjì bá sún mọ́ra jù, ọ́síjìn á dé ìsàlẹ̀, iná á sì rẹlẹ̀.

Iná ọ̀hún kò pọ̀. Kì í sábà tó fólítì (volt) kan, ìdá ẹgbẹ̀rún wáàtì ni wọ́n sì sábà fi ń wọn èyí tí mítà kan níbùú lóròó ń mú wá. Bí wọ́n bá ń tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ díẹ̀díẹ̀, ó lè gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń yẹ omi wò. Èrè tó tóbi jù ni pé wáyà náà ń ran ìfọ̀mọ́ lọ́wọ́: bakitéríà tó rí ọ̀nà mí á túbọ̀ jẹ ẹ̀gbin, oúnjẹ tó kù fún àwọn tó ń ṣe gáàsì mẹ́ténì, tó ń mú kí ayé gbóná, á sì dín kù.

Omi tó jáde lódì kejì á mọ́ lójú, ṣùgbọ́n kòkòrò àrùn ṣì lè wà nínú rẹ̀, nítorí náà wọ́n ń fi kílórínì tàbí ìtànṣán pa wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó tún un lò.