Kókó Ọmú Tí Kò Dunni

“Kò kúkú dùn mí, nọ́ọ̀sì.” Ohun tí mo ń gbọ́ jù nìyẹn lẹ́nu àwọn ìyá wa tó ń wá sí kílíníkì láti Kubwa, Nyanya àti Mararaba. Wọ́n á sọ ọ́ bí ìròyìn ayọ̀, àyà tèmi á sì já. Kókó jẹjẹrẹ ọmú kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Ó máa ń le, etí rẹ̀ á rí gbágungbàgun, nígbà míì á dúró sójú kan bí ohun tó ta gbòǹgbò. Ìrora tó ń wá kí nǹkan oṣù tó dé, tó sì ń lọ lẹ́yìn rẹ̀, òun ni kì í sábà ní ọwọ́ jẹjẹrẹ nínú. Ẹni tó bá ń dúró de ìrora lè máa dúró títí àrùn náà á fi dé abíyá, egungun tàbí ẹ̀dọ̀fóró.

Mo rántí ọlọ́jà kan tó ń tọ́mọ lọ́wọ́, tí kò tíì pé ogójì ọdún. Ibi tó ti ń wẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ti kan kókó. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní wàrà ló dì, kó máa fi omi gbígbóná jó o. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jà ní owó tó ń fi sínú kọ́mú ni. Oṣù mẹ́jọ kọjá. Nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ wa, awọ ọmú náà ti rí bí èèpo ọsàn, orí ọmú ti wọ inú lọ. Ó ṣì ń dùn mí, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ ibi fún un nínú gbogbo àwọn tó gbà á nímọ̀ràn. Owó inú kọ́mú kì í fa jẹjẹrẹ. Wàrà tó dì sì máa ń tú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èyí tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbé e lọ fún dókítà.

Ẹ má sì sọ pé ọmọdé ni yín. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fúnmi Olópàdé, ọmọ wa tó wà ní Chicago, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàlàyé pé àrùn yìí máa ń mú àwọn obìnrin wa ní ọjọ́ orí tó kéré sí ti àwọn òyìnbó. Ìṣirò àgbáyé fojú bù ú pé ní 2020, ó lé ní 28,000 obìnrin ní Nàìjíríà tí wọ́n rí jẹjẹrẹ ọmú lára wọn, ó sì pa iye tó lé ní 14,000.

Àwọn míì ń sá fún ọ̀bẹ. Wọ́n ní tí wọ́n bá ti gé díẹ̀ lára kókó fún àyẹ̀wò, ó ti jí jẹjẹrẹ náà nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀bẹ ló ń tàn án ká. Àwọn tí wọ́n rí tó kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, púpọ̀ nínú wọn ni àrùn ti ràn kiri ara wọn kí wọ́n tó dé ọsibítù. Láìgé e wò, kò sí dókítà tó lè mọ irú rẹ̀ àti oògùn tó bá a mu. Tí ẹ bá tètè dé, ó ṣeé ṣe kí wọ́n yọ kókó nìkan, kí ọmú kù, kí wọ́n sì fi ìtànṣán ẹ̀rọ tó ń pa jẹjẹrẹ (radiotherapy) tọ́jú ibẹ̀. Ẹ̀rọ ìtànṣán wà ní National Hospital níhìn-ín lábújá, ó sì wà ní ABUTH, ọsibítù Yunifásítì Ahmadu Bello, ní Zaria.

Ọ̀rọ̀ ìtìjú náà yé mi. Ẹ lè ní obìnrin ni kó yẹ̀ yín wò, tàbí kí nọ́ọ̀sì obìnrin dúró tì yín.

Tí owó mammogram, ìyẹn àwòrán X-ray ọmú, kò bá sí, ẹ má jókòó sílé. Ní Mumbai ní Íńdíà, àwọn obìnrin tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ fi ọwọ́ lásán yẹ ọmú wò ní ọdún méjì-méjì, ikú jẹjẹrẹ ọmú sì fi bí ìdá 30 nínú 100 dín kù láàárín àwọn tó ti lé ní 50 ọdún. Nílé, ẹ máa wo ọmú yín lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá parí, nígbà tí kò wú mọ́, kí ẹ lè mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹni tó ti pé 40 ọdún, kó béèrè mammogram. Èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀ tó rí kókó, síkáàn (ultrasound, tó ń fi ìró ya àwòrán inú ọmú) ló máa ń kọ́kọ́ ṣe. Ẹni tí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ní in rí, kó tètè sọ fún dókítà.

Púpọ̀ nínú kókó ọmú kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án lásán tí wọ́n ní kò sí nǹkan, tó sì tún wà níbẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan, ẹ padà lọ, ẹ ní kí wọ́n ya síkáàn rẹ̀.