Ibi tí ESR ti wá, àti ohun tó lè sọ nígbà tí kókó ọrùn ọmọ bá wú

Bí láàbù kan l'Adó-Èkìtì bá kọ ESR sínú ìwé àyẹ̀wò ọmọ, kì í ṣe orúkọ àìsàn ni wọ́n kọ. Iye mìlímítà tí sẹ́ẹ̀lì pupa rì nínú igò tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín wákàtí kan ni.

Edmund Biernacki, dókítà ọmọ Póláńdì, ti kọ nípa rírì yìí ní 1897, ṣùgbọ́n àwọn tó kà á sí kò pọ̀. Ní 1918, Robert Fåhraeus ní Swídìn ń wá bí wọ́n ṣe lè fi ẹ̀jẹ̀ mọ aboyún. Ó rí i pé ẹ̀jẹ̀ aboyún ń yára rì lóòótọ́, àmọ́ ti ọ̀pọ̀ aláìsàn náà ń yára rì. Àyẹ̀wò oyún tí kò gbà ló bí ESR, ká má parọ́. Alf Westergren, tó lò ó fún àwọn tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, ló gbé ìlànà tí à ń tẹ̀ lé dòní jáde ní 1921.

Bí ara bá wú tó sì gbóná nítorí àrùn, ẹ̀dọ̀ á tú fibrinogen, purotéènì kan, púpọ̀ sínú ẹ̀jẹ̀. Òun ló ń mú kí sẹ́ẹ̀lì pupa lẹ̀ mọ́ra, kí wọ́n tò léra bí àwo iyán lẹ́yìn ìnáwó. Èyí tó tò léra wúwo, ó sì ń yára rì.

Láti ṣe àyẹ̀wò ESR, ẹ̀jẹ̀ ìdá mẹ́rin sí sodium citrate 3.8% (èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì) ìdá kan ni: mìlílítà 1.6 sí 0.4. Ẹ rọra dà á síwá sẹ́yìn, ẹ fà á dé òdo nínú igò Westergren, ẹ gbé e nàró fún wákàtí kan gbáko. Bí igò bá tẹ̀ díẹ̀ péré, nọ́ńbà á ga. Bí iná bá lọ tí yàrá móoru, á ga. Bí tábìlì bá ń gbọ̀n nítorí jẹnẹrétọ̀, á ga. Ẹ̀jẹ̀ tó ti kọjá wákàtí mẹ́rin lórí tábìlì á mú un wálẹ̀. Àìtó ẹ̀jẹ̀ ń gbé e sókè, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ bí dòjé, ti fòní-kú-fọ̀la-dìde, kò lè tò léra; nọ́ńbà ọmọ bẹ́ẹ̀ lè kéré kí ara rẹ̀ sì máa jó.

CRP, purotéènì mìíràn tí ẹ̀dọ̀ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ bí ara bá wú, dé ní 1930, láti ọwọ́ Tillett àti Francis ní New York, nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní òtútù àyà. Wákàtí díẹ̀ ló fi ń ga. Bí ohun tó fà á bá rọlẹ̀, ìdajì rẹ̀ á lọ ní nǹkan bíi wákàtí 19. ESR lè lo ọ̀sẹ̀ kó tó wálẹ̀.

Nínú mononucleosis, àìsàn tí fáírọ́ọ̀sì EBV sábà máa ń fà, tí Pfeiffer ní Jámánì ti pè ní ibà kókó ọrùn ní 1889, ESR sábà máa ń ga díẹ̀, CRP kì í sì sábà ga púpọ̀. Bí CRP bá fò sókè gan-an, ẹ wá bakitéríà tàbí ibà ẹ̀fọn kẹ́ ẹ tó di ẹ̀bi ru fáírọ́ọ̀sì. Èyí tó ń tú àṣírí mononucleosis ni sẹ́ẹ̀lì funfun: lymphocyte, irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan, tó ju ìdajì lọ, tí ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́wàá sẹ́ẹ̀lì funfun sì tóbi, tí ìrísí rẹ̀ yàtọ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí Paul àti Bunnell mú wá fún mononucleosis ní 1932 sábà máa ń kùnà lára ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin. Ní ti irú wọn, VCA IgM, àyẹ̀wò tó ń wá èròjà tí ara fi ń bá EBV jà, ni kẹ́ ẹ béèrè.