Bí èèyàn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gun tọ́pídò

Nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ọkọ̀ ogun ńláńlá Austria òun Hungary kì í sábà jáde ní Pola, èbúté wọn létí Òkun Adriatic. Ìdènà pọ̀ lẹ́nu èbúté náà débi pé tọ́pídò, ìyẹn ohun ìjà abúgbàù tó ń fi ẹ̀rọ rìn nínú omi, tí wọ́n bá ta láti òkèèrè kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Raffaele Rossetti, onímọ̀ ẹ̀rọ tó jẹ́ ọ̀gá nínú ológun ojú omi Ítálì ní La Spezia, bá rò ó pé bí tọ́pídò ò bá lè dá lọ, kí èèyàn mú un lọ. Ó tún tọ́pídò kan rọ, ó gbé bọ́ǹbù méjì lé e, ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo tó kílò 170. Wọ́n pè é ní Eṣúṣú, torí pé ṣe ni yóò lẹ̀ mọ́ ikùn ọkọ̀. Dókítà kan, Raffaele Paolucci, ti ń fi òru kọ́ bí òun ṣe máa dá wẹ̀ wọ Pola. Wọ́n bá pa àwọn méjèèjì pọ̀.

Wọn ò ní ohun tí wọ́n lè fi mí lábẹ́ omi. Orí wọn wà lókè ní gbogbo òru 31 oṣù Kẹwàá, 1918, bí wọ́n ṣe ń ti Eṣúṣú kọjá ìdènà kan tẹ̀ lé òmíràn. Ilẹ̀ ti ń mọ́ kí Rossetti tó so bọ́ǹbù mọ́ ìdí Viribus Unitis, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ ogun ńlá náà. Ọwọ́ tẹ̀ wọ́n, inú ọkọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n sì kó wọn lọ.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ pé ọkọ̀ náà kì í ṣe ti Austria mọ́. Lánàá ọjọ́ náà ni wọ́n fà á lé ìjọba tuntun àwọn Croat, Slovene àti Serb tó yapa kúrò lára Austria lọ́wọ́. Rossetti kò fi bò fún Janko Vuković, ọ̀gá tuntun ibẹ̀, pé ọkọ̀ máa tó bú. Vuković ní kí gbogbo èèyàn bẹ́ sómi. Àkókò tí wọ́n dá kọjá, nǹkan kan ò ṣe, làwọn kan bá padà wọlé. Ìgbà náà ló bú. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn kú, Vuković wà lára wọn. Lójú tèmi, òun ló ṣeni láàánú jù: kò tíì lo ọjọ́ kan pé lórí oyè.

Ní 1935, bí Ítálì ṣe lọ gbógun ti Etiópíà fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín Ítálì àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Teseo Tesei àti Elios Toschi, àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ní La Spezia, tún gbé iṣẹ́ náà dìde. Bátìrì ló ń wa tiwọn, èèyàn méjì á gùn ún bí ẹṣin, wọ́n á máa mí ọ́síjìn lábẹ́ omi. Agídí rẹ̀ pọ̀, ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Ẹlẹ́dẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni Tesei kú sí ní Malta, oṣù Keje 1941, nígbà tí Ítálì ń bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jà nínú Ogun Àgbáyé Kejì.

Lóṣù Kejìlá ọdún náà, Ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́ta wọ èbúté Alexandria ní Íjíbítì. Ọwọ́ tẹ Luigi Durand de la Penne àti Emilio Bianchi, àwọn ará Ítálì tó gun ọ̀kan nínú wọn. Wọn ò sọ ohun tí wọ́n wá ṣe, ni Charles Morgan, ọ̀gá Valiant, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì, bá ní kí wọ́n tì wọ́n mọ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí bọ́ǹbù bú, de la Penne ránṣẹ́ sí i pé kó tètè gba ẹ̀mí àwọn èèyàn rẹ̀ là. Valiant àti ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, Queen Elizabeth, jókòó sílẹ̀ odò, ṣùgbọ́n omi ibẹ̀ ò jìn, òkè wọn ṣì hàn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà lọ ṣe irú rẹ̀, wọ́n pè é ní Chariot.

Ní 1945, Ítálì ti kúrò lẹ́yìn Hitler. Wọ́n fẹ́ fi àmì ẹ̀yẹ góòlù dá de la Penne lọ́lá ní Taranto. Morgan wà níbẹ̀. Òun ni wọ́n ní kó fi í sí i láyà.