Kí ló dé tí irinṣẹ́ ìfọwọ́sowọ́pọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì wà ńlẹ̀, tí gbogbo wa tún ń sá padà sórí WhatsApp?

Àjọ ìwádìí kékeré kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn. A kì í tajà, a kì í pín èrè. Owó tí àwọn onígbọ̀wọ́ bá gbé kalẹ̀ fún iṣẹ́ kan la fi ń ṣe é, bó bá sì tán, a á tún wá òmíràn. Èmi ni wọ́n ní kí n kó iṣẹ́ wa lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí gbogbo wa lè jọ máa ṣe é láti ibikíbi tá a bá wà. Látìgbà náà ni àwọn ẹlẹgbẹ́ wa láti àjọ mìíràn ò ti yé pè mí. Ohun tí wọ́n máa ń béèrè nìyí, àti bí mo ṣe máa ń dá wọn lóhùn.

Ṣé WhatsApp tí a ń lò kì í ṣe irinṣẹ́ ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ni?

Ó jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ló mọ̀ ọ́n gbé, kò mọ iṣẹ́ tọ́jú. Ẹ fi fáìlì kan ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́wàá, ó ti di fáìlì mẹ́wàá nìyẹn. Oníkálukú á tún tirẹ̀ ṣe, á dá a padà, ẹni tó ń kó wọn pọ̀ á wá máa fi òru ṣe ọ̀sán. Ní ti Google Docs, tó jáde lọ́dún 2006, ìwé kan ṣoṣo ló wà, gbogbo yín lẹ jókòó tì í, ẹ sì ń rí ọwọ́ ara yín níbi tẹ́ ẹ ti ń kọ ọ́. Zotero ń ṣe irú rẹ̀ fún àkójọ ìwé tí àwọn olùṣèwádìí ń tọ́ka sí.

Mo ṣì rántí fódà kan tó wà lórí kọ̀ǹpútà wa nígbà yẹn. "Ìjábọ̀ final". "Ìjábọ̀ final 2". "Ìjábọ̀ final tí Ọ̀gá ti kà". "Ìjábọ̀ final LÓÒÓTỌ́". Èwo la fi ránṣẹ́ sí onígbọ̀wọ́? Ìkejì. Iye ìdílé tó wà nínú tábìlì kẹta kò bá ti ojú ìwé àkọ́kọ́ mu, àwọn ló sì kọ́kọ́ rí i, kì í ṣe àwa.

Ọ̀fẹ́ ni irú irinṣẹ́ yìí, ó sì rọrùn. Kí ló dé tí àwọn èèyàn fi ń sá fún un?

Torí pé wọn ò tíì rí ohun tí wọ́n máa bá níbẹ̀ tí wọn ò lè rí níbòmíràn. Ìtàn CERN ni mo máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí léyìí. CERN ni ilé ìwádìí ńlá tó wà létí ìlú Geneva ní Switzerland. Ní oṣù kẹta ọdún 1989, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Tim Berners-Lee, kọ ìwé sí ọ̀gá rẹ̀, Mike Sendall. Ohun tó ń dùn ún ni pé àwọn olùṣèwádìí ń wá, wọ́n ń lọ, ọ̀pọ̀ kì í lò ju bí ọdún méjì, bí wọ́n bá sì ti lọ báyìí, ohun tí wọ́n mọ̀ ti bá wọn lọ. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wá ọ̀nà tí òun á fi so àwọn ìwé tó wà lórí onírúurú kọ̀ǹpútà mọ́ra. Sendall kọ ọ́ sórí ìwé náà pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò tíì yé òun tó, ṣùgbọ́n ó ń wu òun. Ohun tó jáde níbẹ̀ ni World Wide Web, tí gbogbo ayé ń lò lónìí.

Ẹ wá wò ó o: ní CERN fúnra rẹ̀, àwọn èèyàn ò sáré wá. Ohun tó fà wọ́n wá ni ìwé nọ́ńbà fóònù! Orí kọ̀ǹpútà àgbà ilé iṣẹ́ náà ni nọ́ńbà gbogbo òṣìṣẹ́ wà, àwọn kan sì ń fi ojú ìwé rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí látàárọ̀ dalẹ́ kí wọ́n lè rí nọ́ńbà wò, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Wẹ́ẹ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nọ́ńbà wọ̀nyí fún wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Ọ̀pọ̀ wọn ò tiẹ̀ rí i ju ètò ìwá-nọ́ńbà lọ. Kò burú, ṣebí wọ́n ṣáà ti wọlé.

Tiwa náà ò yàtọ̀. Odindi oṣù mẹ́ta la fi ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n wo inú fódà àjùmọ̀lò. Kò sẹ́ni tó dá wa lóhùn. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta tá a ṣe ńkọ́? Jọ̀lọ́ọ̀fù rẹ̀ nìkan làwọn èèyàn rántí. Ó di ọjọ́ tí akáùńtáǹtì wa sọ pé inú fódà yẹn nìkan ni orúkọ àwọn tó máa gba owó ìrìnàjò á ti máa jáde, pé òun ò ní lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri mọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì pe òun lórí fóònù. Ká tó jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà, gbogbo wa ti rántí pásíwọ́ọ̀dù wa.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọdé ò lè máa tún ọ̀rọ̀ ọ̀gá ṣe lójútáyé. Báwo lẹ ṣe ṣe é?

Ìbéèrè yìí ló le jù, mi ò sì rò pé àwọn tó ṣe irinṣẹ́ náà ronú kàn án. Ẹni tó bá ní àṣẹ àtikọ nínú ìwé lè pa gbólóhùn Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́ nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra wọn ń wò ó. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí NYSC wo lẹ máa rán níṣẹ́ yẹn? Á kúkú sọ pé òun ò rí àṣìṣe kankan. Bí àṣìṣe ṣe ń dé ọwọ́ onígbọ̀wọ́ nìyẹn.

Ohun tó yọ wá ni ọ̀nà àbá tó wà nínú Google Docs. Bí ẹ bá gba ibẹ̀, ohun tẹ́ ẹ kọ kò ní pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Á fi àwọ̀ mìíràn hàn, ẹni tó nìwé á wá pinnu bóyá kó wọlé tàbí kó má wọlé. A wá fi ṣòfin pé ọ̀nà yìí nìkan ni ẹnikẹ́ni, títí kan ọ̀gá, á máa gbà tọ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn. Nígbà tí olùrànlọ́wọ́ kan kọ́kọ́ dán an wò, ohun tó kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé rèé: "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ má bínú sà, ó jọ pé 2019 lẹ fẹ́ kọ síbí, kì í ṣe 2009. Ẹ ṣé sà." Sà mẹ́ta nítorí nọ́ńbà kan! Ọ̀gá gbà á wọlé, wọ́n fèsì pé, "O ṣeun, ọmọ mi." Gbogbo ọ́fíìsì ló rí i. Àtìgbà yẹn ni àtúnṣe ti ń ya wọlé bí omi.

Ọ̀gá kan ṣì wà o, tó jẹ́ pé bí a ò bá tẹ ìwé jáde sórí bébà, wọn ò ní kà á. Bírò pupa ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn. A ò bá wọn jà. Ẹnì kan ń bá wọn tẹ̀ ẹ́ wọlé.

Bí iná bá lọ, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sì sí ńkọ́?

Ẹ múra sílẹ̀ kó tó lọ ni. Lọ́jọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Google Docs lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ó dìgbà tẹ́ ẹ bá ti ṣètò rẹ̀ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣì wà. Bí a bá lọ sí abúlé lọ fọ̀rọ̀ wá àwọn èèyàn lẹ́nu wò, ODK là ń lò, ètò orí fóònù tí a fi ń gba ìdáhùn wọn sílẹ̀, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Washington lọ́dún 2008. Orí fóònù ni ìdáhùn á wà títí ẹ ó fi dé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà.

Ta ló ni àwọn fáìlì yìí gan-an?

Àwọn èèyàn kì í béèrè èyí títí ọ̀rọ̀ á fi bọ́ sórí. Bí òṣìṣẹ́ bá fi Gmail ara rẹ̀ ṣí ìwé, tirẹ̀ ni. Bó bá fiṣẹ́ sílẹ̀, tó pa àkáǹtì náà rẹ́, fáìlì yín ti bá a lọ. Google ń fún àwọn àjọ tí kì í wá èrè ní àkáǹtì ilé iṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ bí ìwé wọn bá ti pé. Ẹ lọ gbà á. Slack ọ̀fẹ́, ìyẹn ibi táwọn òṣìṣẹ́ ti ń fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wọn, náà lẹ́gùn-ún tirẹ̀: ọ̀rọ̀ tó bá ti ju 90 ọjọ́ lọ, ẹ ò ní rí i mọ́, èyí tó bá sì ju ọdún kan lọ, wọ́n á pa á rẹ́. Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́ta wá ńkọ́? Kẹ́ ẹ tó jókòó kọ ìjábọ̀, ibi tẹ́ ẹ ti sọ ìdí tẹ́ ẹ fi yọ ìbéèrè kọkànlá kúrò ti lọ. Ohun tí Berners-Lee ń sunkún rẹ̀ ní 1989 gan-an nìyẹn.

Orúkọ àwọn tẹ́ ẹ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ò gbọdọ̀ sún mọ́ fódà àjùmọ̀lò rárá. Bí àṣírí wọn bá tú lọ́nà tó lè pa wọ́n lára, wákàtí 72 ni òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 fún yín láti fi tó àjọ ìjọba tó ń bójú tó o létí. Ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá ní líǹkì lè wọlé, ẹ tì í pa.

Ṣé ẹ wá ti kúrò lórí WhatsApp báyìí?

Rárá o. "Ọkọ̀ ti dé", "ẹ kú ọjọ́ ìbí", "wọ́n ti múná wá ní ọ́fíìsì": ibẹ̀ náà ló ń gbà. Fáìlì la ò fẹ́ rí níbẹ̀, líǹkì nìkan ló lè wọlé. Lánàá, ọ̀gá tó ń lo bírò pupa ya fọ́tò ojú ìwé mẹ́rin, wọ́n jù ú sáàárín wa lórí WhatsApp. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Mo ṣí láptọ́ọ̀pù mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ wọlé.