Kí Kárò Tó Gun Orí Pákó: Ìmúra Ilẹ̀ Balùwẹ̀ Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

Ọ̀pọ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti Brazil padà wálé, kọ́ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), pákó ni ilẹ̀ òkè wọn. Wọ́n gbé igi ìdábùú láti ògiri kan dé èkejì, orí igi náà wọnú ògiri, wọ́n wá to pákó lé e, wọ́n kàn án níṣòó. Wọn kò ṣe irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún omi. Nísinsìnyí tí àwọn ajogún fẹ́ balùwẹ̀ lókè, kárò (táìlì) ni wọ́n ń béèrè, kárò náà a sì wuyì títí ọyẹ́ yóò fi dé. Ìgbà náà ni ojú ìpàdé rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ya, tí òmíràn á máa dún kòó-kòó lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹni tó lẹ̀ ẹ́ ni wọ́n á máa bú. Lọ́pọ̀ ìgbà, abẹ́ kárò ni ẹ̀bi wà.

Igi kì í jókòó jẹ́ẹ́. Ní ìgbà òjò ńlá, láti oṣù kẹrin wọ oṣù keje, pákó á mu ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, á fẹ̀. Ọyẹ́ á fà á gbẹ, á tún súnkì. Gígùn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ìbú rẹ̀ ló ń lọ tó ń bọ̀. Kárò àti símẹ́ǹtì kò mọ irú ijó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí, igi ìdábùú máa ń tẹ̀ bí èèyàn bá dúró sí àárín rẹ̀. Ìwọ̀n tí àwọn oníṣẹ́ ń lò ni pé kí a pín gígùn àlàfo tí igi náà dá kọjá sí ọ̀nà 360. Igi kò gbọdọ̀ tẹ̀ ju ìdá kan lọ. Àlàfo mítà 3,60 kò gbọdọ̀ tẹ̀ ju mílímítà 10. Bó bá jẹ́ òkúta bíi mábù ni wọ́n fẹ́ tẹ́, ìdajì ìyẹn ni, mílímítà 5, torí òkúta tètè ń sán ju kárò lọ.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le. Na okùn láti ògiri dé ògiri lábẹ́ igi ìdábùú, wọn àlàfo àárín okùn àti igi, kí èèyàn mẹ́ta lọ dúró láàárín yàrá lókè, kí a tún un wọ̀n. Ẹni tí kò bá rí abẹ́ rẹ̀ lè gbé abọ́ omi sílẹ̀ kí ẹnìkan fi gìgísẹ̀ gúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: bí omi bá mì jìgìjìgì, kárò kò tíì kàn.

Ká tó ra ohunkóhun, ká ṣí pákó wò níbi mẹ́ta: ẹsẹ̀ ògiri, ibi tí páìpù ti gba ilẹ̀ kọjá, àti ibi tí omi ti ń ta sí tẹ́lẹ̀. Irin ṣóńṣó ni a fi ń gún igi. Bó bá wọlé bí ẹni gún àkàrà, ó ti jẹrà. Orí igi ìdábùú tó wà nínú ògiri ló ń kọ́kọ́ bàjẹ́, nítorí ògiri ń fún un ní ọ̀rinrin, ìkán sì ń gba inú ògiri náà gòkè láìjẹ́ kí ojú rí i. Ìrókò á pẹ́ kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Arère, kíá ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Igi tó bàjẹ́ kò nílò kí a yọ ọ́ tán. A lè fi igi tuntun tó ga tó o gbè é lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ó kọjá ibi tó jẹrà ní mítà kan ó kéré tán, kí orí tuntun náà jókòó sórí ògiri fúnra rẹ̀, kí a fi bóòtù mílímítà 12 so méjèèjì. Kí a fi oògùn ìkán kun ún, pàápàá ojú ibi tí ayùn gé.

Páìpù tún wà. Àwọn pùlọ́ńbà fẹ́ràn láti gé ẹnu sínú igi ìdábùú kí páìpù ìgbẹ́, tó fẹ̀ tó mílímítà 100, lè kọjá. Igi tí a gé bẹ́ẹ̀ ti pàdánù agbára rẹ̀. Àárín igi méjì ni kí páìpù gbà, kó máa sọ̀ kalẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 lórí mítà kọ̀ọ̀kan.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni dída kọnkéré sórí pákó, bí ẹni pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ni. Balùwẹ̀ mítà 2 sí mítà 2, tí kọnkéré rẹ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 8, á wúwo tó kílò 770, ìyẹn àpò símẹ́ǹtì 15 lórí igi tí ẹnikẹ́ni kò ṣírò rẹ̀ fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ìwúwo nìkan kọ́ ni ìṣòro náà. Omi inú kọnkéré á wọnú pákó, pákó á wú, á gbé àárín sókè. Nígbà tó bá gbẹ, á sá kúrò lábẹ́ kọnkéré, àlàfo á sì wà níbẹ̀. Kòó-kòó tí wọ́n ń gbọ́ nìyẹn.

Bó ṣe yẹ ni pé kí pákó àtijọ́ kọ́kọ́ dákẹ́. A kì í gbẹ́kẹ̀ lé ìṣó tó ti ń ké. A fi fíìsì (ìṣó tí a ń yí wọlé) tí kì í dípẹtà de pákó kọ̀ọ̀kan mọ́ igi ìdábùú. Lẹ́yìn náà ni contreplaqué (plywood) tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ kì í tú nínú omi, tí àwọn káfíńtà ń pè ní marine, mílímítà 12 ó kéré tán. Kí ó sùn nínú yàrá yẹn fún ọjọ́ méjì kó lè mọ afẹ́fẹ́ ibẹ̀. A ó tò ó kí ojú ìpàdé rẹ̀ má ṣe bá ti pákó abẹ́ mu, kí orígun mẹ́rin má pàdé lójú kan, kí àlàfo mílímítà 3 wà láàárín wọn, mílímítà 6 ní ẹsẹ̀ ògiri. Fíìsì rẹ̀ á jìnnà síra ní sẹ̀ǹtímítà 15 ní etí, 20 láàárín. Pákó ni kí fíìsì wọ̀, kó má wọ igi ìdábùú, kí ìpele òkè má bàa máa bá ìdábùú jó. Bí a bá gbé igi gbọọrọ tó tọ́, mítà 2, lé ilẹ̀ náà, kò gbọdọ̀ fi àlàfo tó ju mílímítà 5 hàn lábẹ́ rẹ̀. Fún kárò sẹ̀ǹtímítà 60 sí 60, mílímítà 3.

Lórí èyí, ọ̀nà méjì ló wà. Ẹni tó bá rí pátákó símẹ́ǹtì rà á tẹ́ ti mílímítà 6 sórí ciment-colle tútù, ìyẹn símẹ́ǹtì tí a fi ń lẹ kárò, á fi fíìsì dè é, á fi àwọ̀n tí símẹ́ǹtì kì í jẹ lẹ ojú ìpàdé rẹ̀. Kó má retí pé yóò fún ilẹ̀ lágbára. Ojú tí kárò lè dì mú ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá rí i lè tẹ́ bébà ọlọ́dà, kó kan àwọ̀n irin tí a fi ń ṣe ilé adìyẹ lé e, kó tẹ́ yanrìn àti símẹ́ǹtì, 4 sí 1, tí kò lómi púpọ̀, nípọn sẹ̀ǹtímítà 4. Bébà yẹn ni kì í jẹ́ kí omi kan igi, òun náà ló jẹ́ kí igi lè máa rìn díẹ̀ lábẹ́ láìfa èyí tó wà lókè. Ó dára, ṣùgbọ́n kílò 80 ni mítà kan sí mítà kan. Ká rántí igi ìdábùú.

Kárò kì í dá omi dúró, ojú ìpàdé rẹ̀ náà ń mu omi. Nítorí náà, ilẹ̀ gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ̀ sí ojú ihò omi, sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 lórí mítà kan, kí a tó kun oògùn adómidúró lẹ́ẹ̀mejì, kó gun ògiri tó sẹ̀ǹtímítà 15, kí aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ wà ní gbogbo kọ̀rọ̀. Nígbà tó bá gbẹ, dí ihò, da omi sẹ̀ǹtímítà 2 sí i, fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24, kí ẹnìkan máa wo àjà ìsàlẹ̀. Ojú kan tó bá rin, ibẹ̀ ni kí a ti tún kun.

Lílẹ kárò kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. C2S1 ni kí ó wà lára àpò ciment-colle: C2 ni èyí tó ń lẹ̀ ju ti lásán lọ, S1 ni èyí tó lè tẹ̀ díẹ̀. Omi símẹ́ǹtì lásán kò lè ṣe é. Kí a kun ẹ̀yìn kárò pẹ̀lú, kó má sí ibi òfìfo. Ní gbogbo ẹsẹ̀ ògiri, àlàfo mílímítà 5 tàbí 6 ni kí a fi sílẹ̀, sílíkọ̀n ni kí a fi dí i, kì í ṣe símẹ́ǹtì, torí ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti ń rìn jù. Fún ọ̀nà pátákó símẹ́ǹtì, àpapọ̀ gbogbo ìpele, contreplaqué 12, colle 3, pátákó 6, colle 5, kárò 9, á gbé ilẹ̀ sókè ní mílímítà 35, nítorí náà kí a gé ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn kí kárò tó dé ẹnu ọ̀nà.